Òpó Tí Kì í Rìn

Ní Gavião Peixoto, láàárín oko ọsàn àti oko ìrèké,
òpó kọnkéré kan wà tó fi díẹ̀ ga jù mí lọ.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Kò lọ síbì kan rí.
Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí nìyẹn: kó má lọ.

Antẹ́nà jókòó lé e lórí bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀,
ó ń tẹ́tí sí àwọn sátẹ́láìtì.
Ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. "Ohun tí aago mi wí rèé.
Ohun tí aago mi wí rèé."
Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe pẹ́ lọ́nà tó
la fi ń mọ bí ẹni tó sọ ọ́ ti jìnnà tó.

Ṣùgbọ́n òfuurufú kì í jíṣẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ.
Ó ń fà á lẹ́sẹ̀, pàápàá níhìn-ín, tí oòrùn bá ti wọ̀:
irọ́ mítà méjì, irọ́ mítà márùn-ún.
Òpó ló ń tú u láṣìírí.
Bí ọ̀run bá ní, "O ti yẹ̀ sápá ọ̀tún,"
òpó á ní, "N kò kúrò lójú kan,"
á sì wí iye tí irọ́ náà jẹ́.
Iye yẹn la ó yọ kúrò lára ti bàálù.
Ẹni tí kò mọ ibi tó dúró,
kí ni yóò fi wọn ẹni tó ń fò?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Evandro gbé bàálù tuntun náà sókè,
ó gba orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a tò sínú koríko kọjá
nígbà mẹ́rìndínlógún,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.
Nínú kọ̀ǹpútà mi, bàálù ń gbọ̀n.
Kò pọ̀: ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi méjì.
"Mi ò gbọ̀n," ni Evandro wí.
"Ìwé ní o gbọ̀n," ni mo fèsì.
Ó wò mí bí ẹni tí mo bú ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta. A yẹ ìyẹ́ wò, a yẹ ìrù wò,
a pààrọ̀ wáyà, a tún bú wáyà tí a pààrọ̀.
Ọ̀gá ń ka owó epo sí wa létí.
Lóru Ọjọ́bọ̀, mo to ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ:
aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.
Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ.
Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Bàálù kì í fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú àná.
Ọ̀run ni! Àwọn sátẹ́láìtì ló ń padà sípò wọn bẹ́ẹ̀.
Ohun tó ń dà wá láàmú kò fò rí. Ilẹ̀ ló wà.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi dé ìdí òpó.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ antẹ́nà, lórí irin tó gbé wáyà,
ilé amọ̀ rìbìtì kan, bí ààrò búrẹ́dì,
ilé ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní João Alámọ̀.
Ohùn sátẹ́láìtì ń lu ògiri rẹ̀, ó ń ta padà,
antẹ́nà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.
"Mo ti rí i láti ọjọ́ Àìkú," ni Bàbá Anésio wí,
ẹni tó ń gé koríko wa,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún fojú tẹ̀lé bàálù nínú awò kí sátẹ́láìtì tó dé.
"Ẹ ò bi mí."

Mo gbé ọkọ́ sókè. Mo gbọ́ ohùn nínú ilé náà,
ohùn mẹ́ta, tín-ín-rín, tí ebi ń pa.
Mo gbé ọkọ́ kalẹ̀.

A gbé antẹ́nà lọ sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́bàá ọgbà.
Anésio gbọn eruku kúrò lára awò rẹ̀ àtijọ́,
ó dijú kan, ó fi ojú tó kù wọn ibẹ̀ láti ìdí òpó.
Lọ́jọ́ Ajé, Evandro tún kọjá.
Ìlà rẹ̀ gún bí okùn tí a fà le.

Lórí òpó, ìyá ẹyẹ dé pẹ̀lú kòkòrò lẹ́nu,
ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé tààrà.
Mo kọ aago tó wọlé sínú ìwé mi.
Kò sẹ́ni tó rán mi.